Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ń mu epo, tí kì í tètè gbéra bó bá ti gbóná: sẹ́ńsọ̀ wo ni ká kọ́kọ́ wò?

Awakọ̀ Kétu

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi. HiAce ọdún 1997 ni, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ń lo injẹ́kítọ̀ (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì), kì í ṣe kábúrétọ̀. Kétu sí Àjàṣẹ́ ni mo ń ná, mo ń gba Pobẹ̀ àti Ìtàkété kọjá.

Láàárọ̀, bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ ló ti gbéra. Ìgbà tó bá gbóná ni wàhálà dé. Bí mo bá dúró ní Pobẹ̀ kí èrò lè sọ̀, tí mo sì pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo máa yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò ní dáhùn àfi tí mo bá tẹ tọ́rọ́tù (ẹsẹ̀ tí a fi ń fún ọkọ̀ ní epo) mọ́lẹ̀ pátápátá. Bó bá wá gbà, èéfín dúdú ló máa kọ́kọ́ tú jáde. Epo tó ń mu ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kpayo, epo ẹ̀bá ọ̀nà tó ń ti Nàìjíríà wá, pàápàá ti wọ́n, kò sí ibi tí ará lè sá sí.

Iná ẹ́ńjìnnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í tàn tí mo bá ń wakọ̀. Mẹkáníìkì kan ní kí n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn (sẹ́ńsọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀). Mo pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ó ti tún ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. Mo ní kí n bi yín kí n tó náwó yẹn.

Riwáyà Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìnàjò. Ẹ má tíì rà á o.

Ọkọ̀ ọdún yẹn lè sọ ohun tó ń ṣe é fúnra rẹ̀, láìsí sìkánà. Àwọn sìkánà kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, èdè OBD-II nìkan ni wọ́n gbọ́. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti 1996, Yúróòpù náà sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ bẹntiróòlù ní 2001. Ọ̀pọ̀ HiAce àtijọ́ tó wà lójú pópó wa kò gbọ́ èdè yẹn rárá. Torí náà, bí ẹnì kan bá so sìkánà mọ́ ọn tí kò rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ yín kò ní àrùn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ gbé àga iwájú sókè níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, kẹ́ ẹ wá àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí ìdérí rẹ̀. Orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ìdérí náà. Ẹ fi wáyà kékeré kan so TE1 pọ̀ mọ́ E1. Àwọn méjì yẹn nìkan ni o, torí pé iná bátìrì wà nínú ihò mìíràn níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣì í so, nǹkan á jóná. Kí bátìrì ní tó fóòtì 11 ó kéré tán, kí gíà wà ní òfo, kẹ́ ẹ pa fáànù àti rédíò, kí ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù. Ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì.

Iná ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bó bá ń ṣẹ́jú wéréwéré láìsinmi, bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò rí ẹ̀sùn kankan kọ sílẹ̀. Bó bá ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mejì, tó sinmi díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mejì, 22 nìyẹn, ìyẹn ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi rédíétọ̀. 21 jẹ́ ti ọ́síjìn, 24 jẹ́ ti ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, 31 jẹ́ ti ìwọ̀n afẹ́fẹ́, 41 jẹ́ ti tọ́rọ́tù. 12 àti 13 jẹ́ ti àmì yíyí ẹ́ńjìnnì tó ń ti dẹ́lìkó (ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì) wá. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ sọ.

Ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo ìyẹn: bẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó sítáàtì, ṣé iná ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń tàn? Bí kò bá tàn, gílóòbù rẹ̀ ti kú, tàbí kẹ̀ kí ẹni tó ta ọkọ̀ ti yọ ọ́ kí oníbàárà má baà rí i.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ṣábẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀, tèmi fara pẹ́ ẹ. Bọ́ọ̀sì mi ń ná Ṣábẹ̀ sí Ìdáàṣà. Lójú ọ̀nà dídán, kò sí wàhálà. Bí awakọ̀ mi bá yà sí àwọn ọ̀nà oko láti lọ kó gààrí àti iṣu, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já lójijì, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, á tún kú. Awakọ̀ ti ka ìṣẹ́jú náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe sọ yìí, 41 ló jáde. A ti ra sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù tòkunbọ̀ sí i. Ó sinmi díẹ̀, ó tún padà. Ṣé kí n ra tuntun ni?

Bàbá Mẹkáníìkì, Ìtàkété

Ìyá, ẹ dákẹ́ owó yín ná, ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀.

Awakọ̀ Kétu, ọmọ mi, èéfín dúdú àti ìyà sítáàtì nígbà tó bá gbóná, epo ló pọ̀ jù lọ́nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì yẹn. Tọ́rọ́tù tí o ń tẹ mọ́lẹ̀ tó ń gbà ọ́ là, ẹ̀rí ni: lọ́pọ̀ ọkọ̀ oní-injẹ́kítọ̀, bí o bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nígbà tí o ń sítáàtì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì á dín epo kù tàbí kó dá a dúró, afẹ́fẹ́ á sì ráyè wọlé fọ èyí tó ti kún. Nítorí náà, ohun tó ń fún un ní epo púpọ̀ là ń wá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ o. Èmi máa ń kọ́kọ́ wo àwọn tí kò náni lówó.

Yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí gbogbo wọn bá dúdú bákan náà, tí ó rí bí èédú gbígbẹ, ohun kan tó kan gbogbo sìlíńdà ni. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló dúdú, injẹ́kítọ̀ tó ń jò tàbí iná plọ́ọ̀gì ni kí o wá.

Wo fílítà afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ ọ̀nà Kétu kì í ṣe kékeré.

Wá ohun tó ń ṣètò ìtì epo (agbára tí epo fi ń lọ sí injẹ́kítọ̀), èyí tó wà lórí irin tí injẹ́kítọ̀ so mọ́. Rọ́bà tín-ín-rín kan ti ara rẹ̀ lọ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Fa rọ́bà yẹn yọ. Bí epo bá wà nínú rẹ̀, tàbí òórùn epo tó le, awọ inú rẹ̀ ti ya, ẹ́ńjìnnì ń mu epo gba ibi tí kò yẹ. Ẹni tó bá pààrọ̀ gbogbo sẹ́ńsọ̀ ayé láìwo rọ́bà yìí, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní san.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ilẹ̀ wa: ṣé tẹmọ́sítáàtì (ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ ọ́ sọnù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ ibi ni. Nǹkan bí ìwọ̀n 82 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni tẹmọ́sítáàtì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi á máa yí lọ yí bọ̀ láìsinmi, ẹ́ńjìnnì lè rin ọ̀nà jíjìn láìgbóná tó bó ṣe yẹ. Sẹ́ńsọ̀ á ròyìn òótọ́ pé omi tutù, kọ̀ǹpútà á sì máa bu epo kún un bíi ti òwúrọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kò jẹ̀bi níbẹ̀. Tún wo omi rédíétọ̀: bó bá lọ sílẹ̀ débi pé ẹnu sẹ́ńsọ̀ kò kan omi mọ́, ohun tó máa sọ kò ṣeé gbára lé.

Ní ti kpayo, bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, jẹ́ kó sinmi mọ́jú. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa dúró sí, wàá rí ìlà tó pín wọn. Ṣùgbọ́n epo olómi máa ń mú ọkọ̀ já tàbí kó kú lójú ọ̀nà. Kì í mú un gbéra dáadáa láàárọ̀ kó wá kọ̀ nígbà tó bá gbóná.

Ọmọ Ouando

Ní ti sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n rà, oríṣi méjì ló wà, ó sinmi lórí ọkọ̀. Àwọn kan ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lẹ́yìn fílítà. Àwọn kan ń wọn ìfàmọ́ra inú ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tín-ín-rín ló so wọ́n mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ èyí tó ní rọ́bà, ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ooru abẹ́ àga yẹn máa ń mú un sán. Lẹ́yìn náà ẹ fi mítà (ẹ̀rọ tó ń wọn iná) wò ó: fóòtì 5 ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lára Toyota, ní ibi tó súnmọ́ òkun bíi Àjàṣẹ́, bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbéra, àmì tó ń dá padà máa ń wà láàárín fóòtì 3.3 sí 3.9. Bí ẹ bá sítáàtì, ó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ dáadáa. Bó bá dúró sójú kan, a lè wá sọ̀rọ̀ rírà.

Bó bá jẹ́ oní-wáyà gbígbóná, èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ. Omi ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún un ni kẹ́ ẹ fọ́n sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Bàbá Mẹkáníìkì, Ìtàkété

Ó ṣeun, ọmọ Ouando. Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún gbogbo ilé: mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bu bẹntiróòlù wọ́n ara ẹ́ńjìnnì gbígbóná láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Abẹ́ àga èrò ni ẹ́ńjìnnì yìí wà. Omi ọṣẹ ló tó, bí ibi tó ya bá fa omi mu, dídún ẹ́ńjìnnì á yí padà.

Awakọ̀ Kétu

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe é. Iná ẹ́ńjìnnì ń tàn láàárọ̀, gílóòbù rẹ̀ kò kú. Mo so TE1 mọ́ E1, ó ń ṣẹ́jú wéréwéré, kò dá sinmi rárá. Plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bákan náà, wọ́n gbẹ. Fílítà kò burú. Rọ́bà tí Bàbá sọ gbẹ, kò ní òórùn. Tẹmọ́sítáàtì ń bẹ níbẹ̀, omi rédíétọ̀ pé. Abẹ́rẹ́ ìgbóná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sì máa ń dúró sí àárín, bó ṣe yẹ.

Ó yà mí lẹ́nu pé ọkọ̀ ní kò sí ẹ̀sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àtijọ́ kì í mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ń parọ́. Ohun tó mọ̀ ni bóyá ọ̀nà iná ti já tàbí ó ti kanra. Bí wáyà sẹ́ńsọ̀ omi bá já, iye tó rí á kọjá ohun tó lè ṣẹlẹ̀, á kọ 22 sílẹ̀, á sì fi ìwọ̀n 80 rọ́pò kí ọkọ̀ lè máa lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wá ń sọ pé omi wà ní ìwọ̀n 40 nígbà tó wà ní 85, ìwọ̀n 40 kì í ṣe ohun àràmàǹdà, kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́. Á máa fún ẹ́ńjìnnì gbígbóná ní epo ẹ́ńjìnnì tútù. Iná kò ní tàn láé.

Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yín jẹ. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lára omi. Èyí tó ní wáyà ẹyọ kan ló ń darí abẹ́rẹ́ yẹn. Èyí tó ní wáyà méjì ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, òun là ń bá ṣẹjọ́.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníwáyà méjì náà, ẹ gbé mítà sí óòmù (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà), kẹ́ ẹ fi ọwọ́ mítà méjèèjì kan ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ náà. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni iye náà gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀. Ti Toyota ayé yẹn: ní ìwọ̀n 20, láàárín 2,000 sí 3,000 óòmù, ní 40, bíi 900 sí 1,300, ní 60, 400 sí 700, ní 80, 200 sí 400. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé láti ọ̀nà jíjìn. Ti òwúrọ̀ nìkan kò tó, torí sẹ́ńsọ̀ tó ti bàjẹ́ lè sọ òótọ́ nígbà tó tutù.

Ọmọ Ouando

Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa kì í ṣe wàhálà yìí. Rẹsísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) 300 óòmù ló máa ń so mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn dípò sẹ́ńsọ̀. Ọkọ̀ á dákẹ́ èéfín.

Riwáyà Àjàṣẹ́

Mi ò fara mọ́ ọn, àbúrò. Kọ̀ǹpútà á gbà pé ìwọ̀n 80 ni omi wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, epo tó máa fún un kò ní tó, ẹni tó ni ọkọ̀ á máa yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì á fi kú. Iye owó sẹ́ńsọ̀ yẹn kò tó ti bátìrì. Bí ọkọ̀ bá wá bọ́ sọ́wọ́ mẹkáníìkì mìíràn lọ́la, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ti fi irọ́ sínú rẹ̀, á máa wá àrùn tí kò sí. Ọkọ̀ èrò ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ.

Awakọ̀ Kétu

Ẹ kú àdúrótì. Láàárọ̀, mítà sọ 1,900. Nígbà tí mo dé láti Àjàṣẹ́, tí omi gbóná débi tí n kò lè fọwọ́ kan rọ́bà rédíétọ̀, ó sọ 1,100. Mo jẹ́ kó tutù, mo yọ sẹ́ńsọ̀ náà, mo fi ẹnu rẹ̀ bọ inú omi tó ń hó lórí iná. Kò sọ̀kalẹ̀ kọjá 900.

Mo gbé mítà àti fúláàsì omi gbígbóná lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, mo wọn èyí tó fẹ́ tà fún mi kí n tó sanwó. Èyí àkọ́kọ́ tó gbé jáde, tòkunbọ̀ ni, òun náà kò sọ̀kalẹ̀ dáadáa. Tuntun ni mo rà, ó bọ́ sí 300 nínú omi yẹn. Mo fọ plọ́ọ̀gì, mo so ó. Ọkọ̀ ń gbéra ní Pobẹ̀ báyìí láìtẹ tọ́rọ́tù, èéfín dúdú ti lọ. Epo ti ń padà sí bó ṣe wà. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere.

Bàbá Mẹkáníìkì, Ìtàkété

Fúláàsì omi gbígbóná lọ sí ṣọ́ọ̀bù! Ọmọ mi, ọgbọ́n gidi lo lò yẹn. Kí gbogbo ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ṣábẹ̀

A bá Awakọ̀ Kétu yọ̀. Ó kù sórí tèmi o, ẹ̀yin ọ̀gá. Òjò ń bọ̀, ọ̀nà oko á sì tún burú sí i.

Riwáyà Àjàṣẹ́

Ìyá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ní sùúrù. 41 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù ti kú. Ó sọ pé àmì tó ń ti ibẹ̀ wá kò dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti máàsì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí òdì bátìrì) wà nínú ẹ̀sùn náà pẹ̀lú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà gbágungbàgun nìkan, wáyà tó ń mì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Kí awakọ̀ yín wá ẹni tó ní mítà oní-nọ́ńbà. Kí wọ́n má lo gílóòbù ìdánwò lórí wáyà kọ̀ǹpútà, iná tó ń fà pọ̀ jù fún un.

Kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ́ńjìnnì kò gbéra. Kí wọ́n fi ọwọ́ mítà gba ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, kí wọ́n má gún ara wáyà, torí ojú ihò yẹn ni omi òjò máa gbà wọlé jẹ ẹ́. Orúkọ wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì náà rèé: VC ló ń gbé iná wá, VTA ló ń dá àmì padà, E2 ni máàsì. Láàárín VC àti E2, fóòtì 5. Láàárín VTA àti E2, fóòtì 0.3 sí 0.8 bí tọ́rọ́tù bá pa, kó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láìfò bí wọ́n bá ń ṣí i, títí dé 3.2 sí 4.9. Bí ìyẹn bá dára, kí ẹnì kan di mítà mú, kí ẹnì kejì máa mi wáyà náà ní ìwọ̀n ìka kan sí ìka kan, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ títí dé ibi tó ti wọnú ara ọkọ̀.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ṣábẹ̀

Wọ́n ti ṣe é lójú mi. Fóòtì 5 dúró dáadáa títí wọ́n fi dé ibi tí wáyà ti rọ̀gbọ̀kú lé irin kan nítòsí sàlẹ́ńsà. Bí wọ́n ṣe mì ín níbẹ̀, ó bọ́ sí òfo, ó tún padà. Ara wáyà ti le, ó ti sán. Ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ́ lọ́ ọ pọ̀, kó fi sẹ́lótéèpù dì í.

Riwáyà Àjàṣẹ́

Kó má lọ́ ọ lásán, Ìyá. Ooru ibẹ̀ á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù, omi á wọlé. Kó gé ibi tó ti le kúrò títí á fi rí bàbà tó ń dán, kó fi wáyà tuntun tó nípọn bákan náà gùn ún, kó fi léèdì jó o pọ̀, kó fi rọ́bà tó ń sún kì bó bá rí iná bo ojú rẹ̀. Kó jẹ́ kí wáyà náà gùn díẹ̀ kó má baà máa fà bí ẹ́ńjìnnì bá ń mì, kó so ó jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Bó bá ti dé ibẹ̀ tán, kó yẹ àwọn wáyà tó jọ wà nínú ìdì yẹn wò, ooru kan náà ló ń lu gbogbo wọn. Kó tún ha ìpata kúrò lẹ́sẹ̀ wáyà máàsì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Bí wọ́n bá ń sítáàtì, fóòtì tó wà láàárín irin ẹ́ńjìnnì àti òdì bátìrì kò yẹ kó ju 0.2 lọ.

Sẹ́ńsọ̀ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ sọnù, bí ó bá ṣì wà, ẹ tọ́jú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn.

Bó bá parí, kó yọ fíúùsì EFI (ti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30 kí 41 tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà lè kúrò. Kí awakọ̀ yín wá gbé ọkọ̀ náà gba ọ̀nà oko tó burú jù lọ, kó sì so TE1 mọ́ E1 nígbà tó bá dé. Bó bá ń ṣẹ́jú wéréwéré láìsinmi, ẹ jẹ́ kó lọ kó iṣu.